Káṣíà Ló Ń Kọ́kọ́ Mú Abẹ

Ní ọdún 1981, àwọn dókítà kan ní ìlú Richmond, ìpínlẹ̀ Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 82 tí wọ́n forí gbá, tí ẹ̀jẹ̀ sì dì sábẹ́ agbárí wọn. Nínú àwọn tí wọ́n ṣí agbárí wọn kí wákàtí mẹ́rin tó pé, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Àwọn tí abẹ kò kàn títí wákàtí mẹ́rin fi kọjá, àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Ilé ìwòsàn kan náà ni, aago ló yàtọ̀. Àwọn tó tún irú ìwádìí yìí ṣe lẹ́yìn náà kò rí ìyàtọ̀ tó fẹjú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí dókítà ọpọlọ tí yóò sọ pé kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dì lórí ṣe sùúrù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé wákàtí mẹ́rin yẹn wá sójú títì tiwa. Ọ̀kadà forí sọ ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ gbé ọmọkùnrin tó ń gùn ún jù sẹ́yìn bọ́ọ̀sì akérò, ọrùn rẹ̀ ń mì síwá-sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ kò ní dókítà ọpọlọ. Wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, wọ́n fi dírípù sí i lọ́wọ́, wọ́n kọ ìwé pé kí wọ́n máa gbé e lọ. Ní èkejì, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ní ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀dì wà, dókítà ọpọlọ sì wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gé orí ṣí láìrí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ya àwòrán CT. Kí wọ́n tó yà á, kí ẹbí lọ bá káṣíà, kí wọ́n mú rìsíìtì wá.

Ta ni ẹbí? Nígbà mìíràn àbúrò rẹ̀ kan tó jẹ́ télọ̀ ni, tí wọ́n pè lórí fóònù láti Ìwó. Kò ì bá ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ débẹ̀ tán tí wọ́n fi na ìwé mìíràn sí i: ìbọ̀wọ́, gọ́ọ̀sì, okùn tí wọ́n ń fi rán ara, mánítọ́ọ̀lù tó ń mú kí ọpọlọ tó wú fà sẹ́yìn, oògùn tí kò ní jẹ́ kí gìrì gbé e. Ó ku ẹ̀jẹ̀. Kí èèyàn méjì wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́. Tí POS ẹnu géètì bá sì sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí lónìí, aago kò tìtorí ìyẹn dúró.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ààbò aláìsàn, ojú wa máa ń lọ sí tíátà: ṣé ọwọ́ dókítà dúró, ṣé irinṣẹ́ mọ́, ṣé ẹni tó ń fún un lóorun mọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ewu tó tóbi jù ń ṣẹlẹ̀ kí aláìsàn tó dé tíátà, níbi tí kò sí ẹni tó wọ aṣọ funfun. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì ní ẹ̀ka yìí. Káṣíà ló ń kọ́kọ́ mú abẹ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà tó ń ti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde wá. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ ní 2015 pé mílíọ̀nù 33 èèyàn lágbàáyé ni owó iṣẹ́ abẹ ń sọ di ẹdun arinlẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn orí rí kò nílò ìgbìmọ̀ kó tó mọ̀. Wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á ta mọ́tò, wọ́n á yá owó èlé, wọ́n á gbé fọ́tò aláìsàn tí wọ́n fi báńdéèjì wé lórí sí Facebook pé ẹ ṣàánú wa. Bí aláìsàn náà bá sì yè, ó lè má lè ṣiṣẹ́ mọ́ fún ọdún kan. Àpò tó gbọn gbẹ yẹn, kò sí ohun tó ń wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ó rọrùn láti pe ilé ìwòsàn ní ìkà. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí ìwé owó ilé ìwòsàn ìjọba mọ̀ pé aláìsàn tí wọ́n tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ lánàá ti jẹ díísù tó yẹ kó gbé jẹnẹrétọ̀ tòní. Ọ̀pọ̀ ló ń jáde láìsan gbèsè, àwọn kan ń fo ògiri lóru, àwọn kan kú, ẹbí kò sì padà wá. Ohun tí ilé ìwòsàn kan wá ń ṣe ni pé wọ́n á dá aláìsàn tó ti gbádùn dúró títí owó yóò fi pé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹni tó ti sàn sùn sí nítorí gbèsè, òun gan-an ni bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sọ fún ọlọ́kadà yẹn pé kò sí.

Òfin kò sì dákẹ́ lórí èyí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala ogún, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìnídìí lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà ló dá àpò owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ sílẹ̀, tó sì ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àpò ọ̀hún sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Láti inú rẹ̀ ni ètò NEMSAS ti jáde, tó yẹ kó máa san owó wákàtí 48 àkọ́kọ́ fún ẹni tí jàǹbá bá ṣe. Ó dára lórí ìwé. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ohun tí ìfarapa orí jẹ́ á bi ọ́ léèrè: lẹ́yìn wákàtí 48 ńkọ́? Aláìsàn tí ọpọlọ rẹ̀ wú lè lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ICU lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Òfin ti pàṣẹ fún ilé ìwòsàn pé kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò san owó títí dé òpin ni kò dárúkọ.

Ètò adójútòfò ìlera ló yẹ kó dí àlàfo yẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin NHIA, tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti ní adójútòfò ìlera. Dandan lórí ìwé. Títí di ìsinsìnyí, àwọn tó ní in kéré púpọ̀ sí àwọn tí kò ní, nítorí alápatà, oní-fọkanáísà àti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò ní ọ̀gá tí yóò máa yọ owó oṣù wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò tirẹ̀, Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA. Kò sí ohun tó burú nínú wọn. Bí o bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, béèrè ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè: ṣé ẹ ń san owó CT àti iṣẹ́ abẹ orí, tí ẹ bá sì ń san án, ìdá mélòó? Adójútòfò tó ń tọ́jú ibà tí kò tọ́jú orí wúlò fún ibà.

Orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ní 1962 ni Emmanuel Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, padà dé láti Amẹ́ríkà. Ó ti kàwé ní Howard, ó ti kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ló wọ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀. Òun àti Adélọlá Adélóyè, tó bá a ṣiṣẹ́, kọ̀wé lórí kókó kan tó máa ń yọ lórí àwùjẹ̀ ọmọ ọwọ́, títí di òní orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn dókítà fi ń pe àìsàn náà. Ọdẹ́kù kú ní London ní 1974 láìtíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nílé ìwòsàn UCH yìí kan náà, láti apá ìparí 2024 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí iná mànàmáná kò fi sí. IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, gé okùn iná wọn nítorí gbèsè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wọ́ jáde wá ṣe ìwọ́de kí wọ́n tó dá iná padà. Ó yẹ kí ẹni tó gbọ́ èyí mọ ohun tí iná ń ṣe nínú iṣẹ́ abẹ orí. Iná ló ń yí irin tó ń lu agbárí. Iná ló ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò kí dókítà tó lè ríran, iná ló ń jó ẹnu ìṣàn ẹ̀jẹ̀ pa kó má baà máa dà. Iná ló wà nínú ẹ̀rọ awò-kékeré-di-ńlá tí wọ́n fi ń wo ìṣàn tó tín-ín-rín bí òwú. Ẹni tí wọ́n gé ara níkùn, wọ́n lè fi iná tọ́ọ̀ṣì parí iṣẹ́ rẹ̀ tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn. Orí kì í gba irú ẹ̀.

Ẹ wo egungun agbárí nìkan. Nígbà tí ọpọlọ bá wú púpọ̀, dókítà máa ń yọ apá kan egungun náà kúrò fún oṣù mélòó kan, kí ọpọlọ lè rí ibi wú sí. Níbi tí iná dúró, inú fìríìsà àkànṣe ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Níbi tí iná kò dúró, dókítà lè la awọ ikùn aláìsàn, kó fi egungun orí rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ títí ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà. Àwọn mìíràn kì í yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ara kó lè gbé sókè bí ọpọlọ bá ti ń wú. Ọgbọ́n gidi ni, aláìsàn kò sì ní sanwó iṣẹ́ abẹ kejì tí èyí bá ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká máa fi ọgbọ́n dókítà dí ihò ìjọba.

Àwọn dókítà náà ń lọ. Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ ní 2025 pé nǹkan bí 16,000 dókítà ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé kíkọ́ dókítà kan ń gba ohun tó lé ní 21,000 dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà ọpọlọ yóò tún lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lórí ìyẹn. Àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, nọ́ọ̀sì kan ń ṣọ́ yàrá tó yẹ kí nọ́ọ̀sì mẹ́rin máa ṣọ́. Àárẹ̀ sì ni baba àṣìṣe.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ní ọdún 2018, ní Kenyatta National Hospital ní Nairobi, ọkùnrin méjì tí wọ́n dákú wà ní wọ́ọ̀dù kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dì sórí ẹnì kan, abẹ ló nílò. Orí ìkejì kàn wú ni, ìtọ́jú lásán ló nílò. Wọ́n pààrọ̀ àmì orúkọ wọn. Ó ti pé wákàtí mélòó kan tí wọ́n ti la agbárí ẹni tí kò nílò abẹ kí wọ́n tó rí i pé kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì kankan níbẹ̀. Wọ́n dá dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ dúró, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì àti ẹni tó fún un lóorun. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà, Lily Koros, gba ìsinmi tipátipá. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ ẹni tí wọ́n dá dúró sì yarí pé kì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi, ètò ló jẹ̀bi.

Àwọn tó rò pé òṣì Áfíríkà ló fa ìyẹn, kí wọ́n wo Rhode Island Hospital ní Amẹ́ríkà. Ní 2007 nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ sí ẹ̀gbẹ́ orí tí kì í ṣe èyí tó yẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ bu owó ìtanràn 50,000 dọ́là lé wọn. Owó wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Ẹni tó máa dúró kó béèrè pé "ọ̀tún ni àbí òsì?" ni kò sí.

Ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò oníkókó 19 jáde: kí wọ́n dárúkọ aláìsàn, kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fẹ́ gé, kí gbogbo ẹni tó wà ní tíátà sọ orúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n ka gọ́ọ̀sì kí wọ́n tó rán ara pa. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ lágbàáyé, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Ikú dín kù láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8. Bí ìwé kan bá lè ṣe ìyẹn, kò sí ìdí tí ilé ìwòsàn tálákà jù lọ kò fi ní lò ó. Ohun tó máa ń dí i lọ́wọ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dá ọ̀gá dókítà dúró. Ọ̀wọ̀ fún àgbà dára, ṣùgbọ́n tíátà kì í ṣe ibi ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá tó bá bínú nítorí wọ́n bi í léèrè ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ gé, òun ni kó lọ kọ́ ìwà.

Ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí owó bá ti pọ̀, wàhálà ti tán. Láàárín 2011 sí 2013, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Christopher Duntsch ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn fún èèyàn 38 ní agbègbè Dallas, ní Texas. Iṣẹ́ rẹ̀ sọ 31 nínú wọn di aláàbọ̀ ara tàbí kó ṣe wọ́n léṣe, méjì sì kú. Ní Amẹ́ríkà, dókítà ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wà lára àwọn tó ń mú owó wọlé jù lọ fún ilé ìwòsàn, nítorí náà àwọn ilé ìwòsàn ń fà wọ́n mọ́ra bí ẹni ń fa ìyàwó tuntun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Duntsch kò yé ilé ìwòsàn kan mọ́, wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó sì ríṣẹ́ síbòmíràn. Dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Robert Henderson àti Randall Kirby, ló pariwo títí ìjọba fi gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 2013. Ní 2017, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Àìsí owó ń pa aláìsàn lẹ́nu géètì, ojúkòkòrò owó ń pa á lórí tábìlì. Ní tiwa, ìgbìmọ̀ MDCN ló ń gbọ́ ẹjọ́ dókítà. Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi í ni pé: ẹni tí wọ́n dá dúró ní ìpínlẹ̀ kan, báwo ni ilé ìwòsàn aládàáni ní ìpínlẹ̀ kejì ṣe máa mọ̀?

Ibi tí mo ti rí ohun tó mú inú mi dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Mbale, ìlú kan ní ìlà-oòrùn Uganda. Ní 2001 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn CURE fún àwọn ọmọdé níbẹ̀, Benjamin Warf, dókítà ọpọlọ láti Amẹ́ríkà, sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí omi ń gbá jọ sí lórí, tí orí rẹ̀ ń tóbi ju ara lọ, ló kún ibẹ̀. Ìtọ́jú tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí wọ́n fi túúbù kan sábẹ́ awọ, kó máa gbé omi láti inú orí lọ sí ikùn. Nígbà náà, túúbù tí wọ́n ń lò nílẹ̀ àwọn olówó tó 650 dọ́là. Àwọn ará Íńdíà ń ṣe ọ̀kan, Chhabra, tí kò ju 35 dọ́là lọ. Warf kò kàn ra èyí tó pọ́ọ́kú. Ó fi méjèèjì wé ara wọn lára àwọn ọmọ náà fún ọdún kan, ó sì gbé èsì jáde ní 2005: kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì láàárín wọn.

Síbẹ̀ ó ku ìṣòro kan. Túúbù máa ń dí. Bí ó bá dí lórí ọmọ tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn, wọ́n á tún un ṣe. Bí ó bá dí lórí ọmọ tó wà ní abúlé tí òjò ti gba ọ̀nà rẹ̀, ọmọ yóò kú. Warf wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tín-ín-rín kan tó ní iná wọ inú orí, ó ń la ihò kékeré kan sísàlẹ̀ ibi tí omi ń gbá jọ sí, ó sì ń jó ẹran ara tó ń pèsè omi náà. Kò sí túúbù, kò sí ohun tó máa dí lábúlé. Nígbà tí wọ́n wá fi ọgbọ́n yìí àti túúbù dán ọgọ́rùn-ún ọmọ ọwọ́ wò, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2017, lẹ́yìn oṣù méjìlá ọgbọ́n Mbale kò kéré sí túúbù. Ilé ìwòsàn tí kò lówó ló kọ́ àwọn olówó ní iṣẹ́. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń lò ó báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ ìsúná wa rí nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn ará Mbale ka owó àti ààbò pọ̀. Wọn kò gé owó kí wọ́n tó bi ara wọn pé ta ni yóò kú nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó pọ́ọ́kú jù lọ sì wà lọ́jà: akoto ọlọ́kadà. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé ó ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009 tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sọ ọ́ di dandan, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò ọ̀dà, a rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa fún, láti Èkó títí dé Èkìtì. Kí wọ́n kọ ìlà kan sínú ìsúná tí yóò máa san owó CT àti iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá forí gbá tí wọ́n gbé wọlé, kí ilé ìwòsàn má sì dúró de rìsíìtì. Kí wọ́n so iná tíátà àti ICU mọ́ oòrùn, kí gbèsè IBEDC má lè dé ibẹ̀. Kí wọ́n sì fi òfin sọ pé kò sí tíátà tí yóò ṣiṣẹ́ láìlo ìwé àyẹ̀wò Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn. Ìwọ tó ń kà á, lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìpínlẹ̀ rẹ kí oṣù yìí tó parí, kí o sì ra akoto fún ọlọ́kadà tó ń gbé ọmọ rẹ lọ sílé ìwé.